Ta Ni Ẹ Ń To Àga Dè? Ìfiwéra Bí A Ṣe Ń To Ilé Kọfí fún Oríṣiríṣi Oníbàárà ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé kọfí ní Ìbàdàn lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara ògiri àti àwọ̀ tìmùtìmù ló sábà máa ń kọ́kọ́ bá kàfíńtà sọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Agbowó, òṣìṣẹ́ báńkì tó sáré jáde ní Dùgbẹ̀, tọkọtaya tó kó ọmọ mẹ́ta wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó fẹ́ fara balẹ̀ ka ìwé ìròyìn: gbogbo wọn lè mu kọfí kan náà, ṣùgbọ́n àga kan náà kò lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Èyí tó bá rọ ẹnì kan lọ́rùn lè máa lé ẹlòmíì lọ.

Bí oníbàárà ṣe ń pẹ́ tó lórí àga ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni ìṣẹ́jú márùn-ún wà, ẹni wákàtí kan wà, ẹni tó máa jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ náà wà. Tí ẹ bá ti mọ èyí tí ẹ ń dúró dè, gíga tábìlì, ibi tí káńtà máa wà, irú bọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fúnra rẹ̀. Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo á rí tirẹ̀ mú nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń sáré, ẹni tó fẹ́ jókòó

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ káńtà bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí ẹ bá gbé e sí ló máa pinnu ìyókù.

Bí káńtà bá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹni tó ń sáré á wọlé, á sanwó, á gba kọfí rẹ̀, á sì jáde láì la àárín àwọn tó jókòó kọjá. Èyí dára fún Dùgbẹ̀, fún ìtòsí sẹkitéríàtì ní Agodi, àti fún ibikíbi tí ọ́fíìsì bá pọ̀ sí. Fèrèsé kan tó kọjú sí títì, tí èèyàn lè dúró níta rajà lẹ́nu rẹ̀, tún dáa ju ilẹ̀kùn lọ fún irú wọn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń bá ilé iṣẹ́ bíi Chowdeck gbé oúnjẹ kiri náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ṣe bẹ́ǹṣì kan fún wọn níta, kí òrùlé bò ó, kí òjò má pa wọ́n, kí wọ́n má sì máa dúró lé ẹni tó ń jẹun lórí.

Bí káńtà bá wà ní ìpẹ̀kun yàrá lọ́hùn-ún, ẹni tó wọlé á kọ́kọ́ rí àga, á rí àwọn tó ti jókòó, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ní Jazzhole, ilé ìtàwé tó wà ní Awolowo Road ní Ìkòyí, Èkó, àárín ìwé àti àwo orin lèèyàn ń gbà kọjá kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ìkánjú rẹ̀ á ti dín kù. Irú ètò yìí ń fa ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sán rẹ̀ níbẹ̀ mọ́ra, àmọ́ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè lórí fóònù kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa, tí àwòrán ilé kọfí ìlú òkèèrè kì í fi hàn: àwa ń dúró de álẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà ti ṣe tíránsífà, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, olùtajà ò tíì rí i. Tí kò bá sí ibi tí ẹni náà lè yà sí, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ń sáré nínú wọn á sì bá tiwọn lọ. Ẹ fi nǹkan bíi mítà kan kún káńtà lẹ́yìn ibi ìsanwó, kó ní pèpéle tóóró tí èèyàn lè gbé fóònù àti àpò lé. Owó pákó yẹn kò tó nǹkan, ó sì máa ń tú ìlà ká ju kí ẹ gba òṣìṣẹ́ kejì lọ.

Níbi yòówù kí káńtà wà, ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rí ojú ilẹ̀kùn. Bí àgbàlagbà bá wọlé tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé "Ẹ káàbọ̀ o", inú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kó tó ráyè jókòó, kọfí tó dùn jù lọ kò sì ní tù ú nínú.

Lójú tèmi, tí yàrá yín bá kéré, ẹ gbé káńtà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kó má kọjú sí i gan-an. Àga á wà ní ẹ̀yìn, ìlà á sì dúró sí iwájú. Ẹni méjèèjì á rí tirẹ̀.

Oníláptọ́ọ̀pù àti àwọn tó wá tàkúrọ̀sọ

Ibí yìí ni ìjà máa ń wà jù, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ìbẹ̀rù tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta kọfí ni pé àwọn oníláptọ́ọ̀pù á jẹ iná wọn tán. Torí ẹ̀ ni àwọn kan fi ń lẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì pa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ń fa wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́rin, iná tó máa lò kò tó ìdá mẹ́rin yúníìtì kan (yúníìtì kan ni kìlówáàtì kan fún wákàtí kan). Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́) sókè, yúníìtì kan ti lé ní ₦200. Èyí túmọ̀ sí pé iná tí oníláptọ́ọ̀pù jẹ ní wákàtí mẹ́rin, nǹkan bíi ₦50 ni. Ẹ wá wo ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń fa kìlówáàtì kan fún wákàtí mẹ́wàá: yúníìtì mẹ́wàá nìyẹn, ó ti lé ní ₦2,000 lójúmọ́. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iná náà, iye méjèèjì á gorí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìlọ́po tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ kò ní yí padà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń pa yín lówó.

Àga ló ń pa yín lówó. Ẹnì kan tó gba tábìlì ẹni mẹ́rin láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì pẹ̀lú ife kọfí kan ti gba ibi tí ọ̀wọ́ ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ì bá ti jókòó, tí kálukú ì bá sì ti ra tirẹ̀. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí wákàtí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn mọ èyí dáadáa. Tábìlì tóóró ni wọ́n máa ń ṣe, wọ́n á fi pákó dá ẹnì kan sí ọ̀tọ̀ lára ẹnì kejì, wọ́n á sì ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan tàbí ti òru mọ́jú. Ibẹ̀ kò lẹ́wà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń jókòó lórí àga ọ̀fẹ́.

Ohun tó yẹ kí ilé kọfí mú níbẹ̀ ni tábìlì tóóró náà. Ẹ fi pákó gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹnì kan ní 60 cm ní fífẹ̀, kí ojú pákó náà jìn tó 55 tàbí 60 cm sí ọ̀dọ̀ ògiri. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ ju ojú tábìlì lọ, kí wọ́n má baà máa wọ́ wáyà kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Oníláptọ́ọ̀pù gan-an fẹ́ràn irú ibẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀. Nípa ti wákàtí, ẹ lè so kóòdù Wi-Fi mọ́ ohun tí èèyàn bá rà: ife kan, wákàtí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ sí i á ra ife kejì tàbí mítípáì, kò sì sí ẹni tó máa ní láti wá dúró lé e lórí. Ọ̀nà yìí bu iyì fún oníbàárà ju kí ẹ lọ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn káńtà, ìwà tí mo ti rí, tí kò sì dáa.

Àwọn tó wá tàkúrọ̀sọ ní ìdàkejì gbogbo èyí. Wọ́n fẹ́ rí ojú ara wọn. Tábìlì róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sí 70 cm ló bá ẹni méjì mu, torí wọ́n lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa gbé ohùn sókè, tábìlì kejì náà á gbé tirẹ̀ sókè, kí ẹ tó mọ̀ gbogbo ilé ti di ariwo. Ìdí kejì tí ariwo fi ń pọ̀ ni pé àwa fẹ́ràn táìsì nísàlẹ̀, POP lókè, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn le, ohùn ń ta padà lára wọn ni. Kọ́tìnì tó nípọn, tìmùtìmù, ẹní tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, aṣọ òfì tí wọ́n na sórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì fi ṣe ọ̀ṣọ́, pẹpẹ tí ìwé kún, gbogbo èyí ń gbé ohùn mì. Lára gbogbo ohun tí èèyàn lè náwó lé lórí nínú ilé kọfí, èyí ni mo rò pé wọ́n ń fojú kéré jù.

Ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí ń pariwo. Ẹ gbé àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé àwọn oníláptọ́ọ̀pù jìnnà sí i. Ariwo rẹ̀ kì í da ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàmú, ó tilẹ̀ ń bo àṣírí ọ̀rọ̀ wọn fún wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́nu.

Bọ́ọ̀bù náà pín sí méjì. Oníláptọ́ọ̀pù àti ẹni tó ń kàwé nílò ìmọ́lẹ̀ funfun tó wà ní nǹkan bíi 4000K (K yìí ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, 2700K sí 3000K, tó ń mú kí awọ ara wa dán kí àwòrán fóònù sì jáde dáadáa. Ẹ wo ara páálí bọ́ọ̀bù kí ẹ tó rà á. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni 6500K, funfun rẹ̀ sì ń mú kí yàrá dà bíi wọ́ọ̀dù ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí àwọn tó ń jókòó, pàápàá obìnrin tó dá wá. Kì í fẹ́ kí ẹ̀yìn òun kọ sí ilẹ̀kùn, kì í sì fẹ́ jókòó sáàárín yàrá níbi tí ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Àga tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó lè ti ibẹ̀ rí ẹni tó ń wọlé, ló máa kọ́kọ́ yàn. Ẹ kíyè sí ilé kọfí èyíkéyìí: ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń kọ́kọ́ kún, àárín ló ń kẹ́yìn. Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn obìnrin máa wá, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ ògiri gùn, kódà kó jẹ́ pé ẹ máa fi pákó tàbí ìkòkò òdòdó dá ògiri kékeré sáàárín yàrá.

Ìwọ̀n tí kàfíńtà máa béèrè

Kàfíńtà yín á fẹ́ gbọ́ iye. Àwọn wọ̀nyí ló bá ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu:

| | Ẹni tó ń sáré | Àwọn tó wá tàkúrọ̀sọ | Oníláptọ́ọ̀pù | Àgbà àti ìdílé |
|---|---|---|---|---|
| Gíga tábìlì | 105–110 cm | 45–50 cm, tàbí 72–75 cm | 72–75 cm | 72–75 cm |
| Gíga àga | 75 cm, tàbí ìdúró | 40 cm, tàbí 45 cm | 45 cm | 45–48 cm |
| Ẹ̀yìn àga | kò pọn dandan | rírọ̀, tó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ | tó dúró ṣánṣán | tó dúró, tó ní apá |
| Ìmọ́lẹ̀ | èyí tó bá wà | ìyeyè | funfun | funfun tí kò le jù |

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni àlàfo àárín ojú àga àti ojú tábìlì, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 30 cm fún ẹni tó ń jẹun tàbí tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo ti jókòó sórí ọ̀pọ̀ àga onítìmùtìmù tó rì sísàlẹ̀, tí tábìlì iwájú rẹ̀ sì ga dé àyà. Ó lẹ́wà nínú àwòrán. Èèyàn ò lè mu tíì nídìí rẹ̀ kó má dà á sára.

Àgbà, ọmọdé, àti ẹni tó wọ agbádá

Àwọn tó ń ya àwòrán ilé kọfí fún wa, ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń rò. Bẹ́ẹ̀, bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ní Jẹ́ríkò tàbí Bódìjà lówó lọ́wọ́, wọ́n láyè, wọ́n sì ń pe ara wọn jáde. Orúnkún ló ń dá wọn dúró. Àga gíga kò ṣeé gùn fún wọn, èyí tó rì sísàlẹ̀ kò ṣeé dìde nínú rẹ̀. Àga tó ní apá ni wọ́n nílò, kí wọ́n lè fọwọ́ tì í dìde.

Ìṣòro kan wá yọjú: apá àga àti agbádá kì í bára wọn rẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, tàbí lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ń ti òde ìgbéyàwó bọ̀, aṣọ á há mọ́ apá àga, ìró tó fẹ̀ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí bẹ́ǹṣì gígùn tí kò lápá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àga tó lápá wà ní òdìkejì tábìlì. Ẹni tó wọ agbádá á lọ sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tí orúnkún ń dùn á mú èyí tó lápá, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa ní láti ṣàlàyé fún.

Fún ìdílé, tábìlì onígun mẹ́rin borí róbótó. Méjì tó jẹ́ 75 cm lọ́nà méjèèjì, tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ẹni mẹ́fà á jókòó síbẹ̀. Róbótó méjì kò ṣeé so. Ẹ ṣírò èyí dáadáa tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà ládùúgbò yín, nítorí èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọn ò sì ní gbà kí wọ́n pín wọn sí ibi mẹ́ta. Àwọn ọmọdé kò nílò ohun ìṣeré tó pọ̀. Ẹ gbé tábìlì ìdílé síbi tí ọmọ ò ti ní lè sáré dé títì tàbí dé ibi ẹ̀rọ gbígbóná kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Kí àga kan náà wà ní kọ̀rọ̀ tí ìyá lè ti fún ọmọ lọ́mú ní ìrọ̀rùn.

Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà: tó bá ga ní 15 cm, ẹ fi símẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn tó 180 cm lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè wọlé láì jẹ́ pé wọ́n gbé e. Ọ̀nà àárín tábìlì kó tó 90 cm. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fún jù. Owó ilé orí òkè máa ń dín ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó bá gba orí òkè ti fi àgbà, aboyún àti onítáyà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ nìkan ni ẹ fẹ́, kò burú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tí ẹ yàn nìyẹn.

Ẹ fi abọ́ ìfọwọ́ kan síta ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, kí kẹ́tùlù omi náà wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá.

Yàrá tútù tàbí àgbàlá

Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń fa oníláptọ́ọ̀pù àti oníṣòwò tó ń ṣèpàdé. Àgbàlá ń fa àwọn ọ̀rẹ́, àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí, àti gbogbo ẹni tí ilé ti sú lẹ́yìn aago márùn-ún. Oníláptọ́ọ̀pù kì í fẹ́ ìta lọ́sàn-án: oòrùn kì í jẹ́ kó rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àgbàlá ni mo fẹ́ràn jù, mo sì ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1961, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan láàárín ìgboro ni wọ́n gbà. Wọ́n fi àgbàlá rẹ̀ ṣeré orí ìtàgé, wọ́n ní ibi àfihàn àwòrán àti ibi ìkàwé níbẹ̀. Wole Soyinka, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Chinua Achebe wà lára àwọn tó jọ dá a sílẹ̀. Ibi kan tó ṣí sókè, tó sún mọ́ ọjà, tí ẹni tó wá jẹun, ẹni tó wá wòran àti ẹni tó wá kàwé lè jọ wà níbẹ̀: kò sí yàrá onígíláàsì tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ilé agboolé wa àtijọ́ náà mọ̀ ọ́n, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yí àgbàlá ká, èèyàn á jókòó síbi òjìji, á sì máa wo ohun tó ń lọ láàárín.

Àgbàlá ní wàhálà tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ti ìwọ̀-oòrùn wọlé, nítorí náà ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ gbin igi sí tàbí kí ẹ fi ọparun bò. Afẹ́fẹ́ òjò sábà máa ń ti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá; tí òrùlé kò bá yọ síta tó mítà kan ààbọ̀ níhà yẹn, àga yín á máa tutù láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Ọyẹ́ á kó eruku wá ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ẹ máa nu tábìlì léraléra. Ẹ̀fọn ń dé ní ìrọ̀lẹ́: ẹ má jẹ́ kí omi dúró nínú ìkòkò òdòdó, ẹ sì fi fáànù sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀fọn kì í lè fò dáadáa nínú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ lẹ́wà, àmọ́ bàtà gogoro àti àga onítáyà kì í kọjá lórí rẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì ló dáa.

Nípa iná, fáànù òkè kan kì í ju wáàtì 70 sí 75 lọ. Fáànù mẹ́wàá kò tíì jẹ iná tí ẹ̀rọ amúlétutù kan máa jẹ. Sólà àti ínfátà kékeré lè gbé fáànù, bọ́ọ̀bù, Wi-Fi àti sọ́kẹ́ẹ̀tì láptọ́ọ̀pù láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹ̀sípúrẹ́sò ńlá tó ń fa kìlówáàtì méjì tàbí mẹ́ta kò sí nínú ìyẹn. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró déédéé lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọfí tí wọ́n fi omi gbígbóná orí gáàsì sẹ́. Ó dùn, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ èso rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti sí àgbàlá, kì í ṣe nítorí ariwo nìkan. Gáàsì olóró kan (carbon monoxide) wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pani, gáàsì náà kì í sì í rùn.

Àdúgbò yín, àti wákàtí tí kò kọlu ara wọn

Agbowó rọrùn láti yàn, torí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, wọn ò lówó púpọ̀, wọ́n ń pẹ́ lórí àga, ìgbà ìdánwò ni wọ́n sì ń pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ rántí ọdún 2022. Oṣù Kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù Kẹwàá ló tó parí. Ilé kọfí tó bá jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, oṣù mẹ́jọ ló máa fi wo àga òfìfo. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń kún Dùgbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọn kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé àti Àìkú. Ní Akóbọ àti Jẹ́ríkò, ìdílé àti àgbà ni ẹ máa rí, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀. Bódìjà ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí owó ilé ibẹ̀ fi wọ́n.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èyí rí bẹ́ẹ̀ tí eku méjèèjì bá jáde lákòókò kan náà. Oníláptọ́ọ̀pù ń dé láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn ọ̀rẹ́ ń dé láti aago mẹ́rin. Wọn kì í pàdé. Ẹni tó ń sáré ń dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ìdílé ń dé lọ́jọ́ Àìkú tí oníláptọ́ọ̀pù wà nílé. Ẹ yan ẹni kan tó jẹ́ olórí oníbàárà yín, tí gbogbo ilé máa tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá yan èkejì tí wákàtí rẹ̀ kò bá tirẹ̀ jà. Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ oníná kò pọ̀: wáyà bọ́ọ̀bù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, funfun fún ọ̀sán, ìyeyè fún alẹ́, kí swíìṣì wọn má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ní ti olórí oníbàárà, ẹ má bẹ̀rù láti yàn. Ní Lọ́ńdọ̀n ní nǹkan bí ọdún 1688, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Lloyd ní ilé kọfí kan ní ìtòsí odò Thames. Àwọn atukọ̀, àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi àti àwọn oníṣòwò ló yàn. Ó ń wá ìròyìn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ àti èyí tó rì fún wọn, ó sì fún wọn láyè láti ṣòwò lórí tábìlì rẹ̀. Ọjà ìbánigbófò tó ń jẹ́ Lloyd's of London ti ibẹ̀ jáde, títí dòní.

Ká sọ pé yàrá 6 mítà sí 8 mítà lẹ gbà ní Bódìjà. Mítà onígun mẹ́rin 48 nìyẹn. Ìdáná, káńtà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á mú ìdá mẹ́ta rẹ̀, 32 ló kù. Tí ẹnì kan bá gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin kan ààbọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tó máa gbà rìn, nǹkan bí ogún èèyàn lẹ lè gbà, ẹ má tẹ̀ wọ́n mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi á lọ báyìí: pákó oníláptọ́ọ̀pù ẹni méje tàbí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó jìnnà sí ẹ̀rọ, bẹ́ǹṣì gígùn lódìkejì pẹ̀lú tábìlì onígun mẹ́rin mẹ́rin tó ṣeé so pọ̀, àga tó lápá níwájú méjì nínú wọn, róbótó méjì lẹ́bàá fèrèsé fún àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò, pèpéle ìdúró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wà níwájú, ẹ bò ó lórí kí ẹ tó ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Kí bíríkìlà tó lẹ táìsì, ẹ jẹ́ kí oníná ti gba wáyà sínú ògiri níbi tí pákó máa wà, torí fífọ́ ògiri lẹ́yìn náà ń gba owó méjì. Kí ẹ sì tó pe oníná, ẹ fi ẹfun ya gbogbo tábìlì sórí ilẹ̀, ẹ háyà àga oníke, ẹ pe ìyá àgbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, àti ẹnì kan tó wọ agbádá. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ṣe bí ẹni ń sanwó, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n padà. Ibi tí wọ́n bá ti fara kọ́ ara wọn, ẹ pa ẹfun ibẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún un yà.